Àkọsílẹ̀ Tí Ojú Lè Kà

Èdè ni mo rò pé kò ní yọ mí lẹ́nu. Nígbà tí mo ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ní Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, mo ti ro oríṣiríṣi nǹkan tó lè ṣòro fún mi ní Èkó: èrò, ariwo, àwọn ṣọ́jà tó ń ṣèjọba níbẹ̀, náírà tó ń já wálẹ̀. Mi ò ka èdè mọ́ wọn. Yorùbá ni ìyá mi fi tọ́ mi, Yorùbá ni bàbá mi fi ń bá mi wí. Faransé kò ju ti ilé ìwé lọ.

Nígbà tí mo dé Ifakọ̀-Ìjàyè, Àǹtí Mùínátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí mo wá gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ní kí n lọ ra búrẹ́dì níta. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá tó ń tà á bí a ṣe ń kí àgbà nílé wa. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ibo lo ti wá?"

"Kétu ni, mà."

"Kétu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjọ́ta yẹn? Àwọn ará Kétu kì í sọ̀rọ̀ báyìí."

Mo ní kì í ṣe ìyẹn, Kétu ti Alákétu ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí ẹni tó jókòó tì í. "Ègùn ni. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀."

Èmi kì í ṣe Ègùn. Mo sì gbọ́ Yorùbá ju díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì ni wọ́n ní kí n rà, mo rà á, mo padà sílé.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tó yá ni pé gbogbo wọn ló mọ Kétu. Wọ́n kọ́ ọ ní ilé ìwé. Tí o bá ní kí wọ́n ka àwọn ọmọ Odùduwà fún ọ, wọn kò ní fo Alákétu. Àfi bí ẹni pé ìlú náà parí síbi tí ìtàn parí sí, pé kò sẹ́nikẹ́ni tó tún jí níbẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, tó bọ́jú, tó wá iṣẹ́ lọ. Ẹni tó bá ti Kétu wá gan-an kò rí ibi kankan dúró sí nínú ohun tí wọ́n mọ̀.

Nílẹ̀ wa, báǹkì ti tìlẹ̀kùn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò rówó oṣù gbà. Mo ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Kútọnu, mo sì wà lára àwọn tí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ní Èkó, Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba fi ní kí gbogbo ìlú fún ṣòkòtò le, ni ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Wọ́n ń pe ọdún tó le ní Sáàpù, wọ́n ń pe ọbẹ̀ tí kò léran ní Sáàpù, wọ́n tilẹ̀ ń pe ọkọ̀ tí kò fẹ́ gbéra ní Sáàpù. Síbẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ láti Agége dé Ìkẹjà. Ọ̀pọ̀ wọn ń fi ẹsẹ̀ kan ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èéfín ń jáde lórí òrùlé wọn. Èmi kò bá Sáàpù jà. Ibi tí mo ti wá kò ní èéfín rárá.

Iléeṣẹ́ tó gbà mí kò jìnnà sí Àgídìngbì. Omi dírípù ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, omi iyọ̀ àti omi ṣúgà tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára ní ọsibítù. Olórí yàrá kọ̀ǹpútà wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣódìmú, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti kọ́ṣẹ́ lókè òkun kó tó padà wálé, ọkùnrin tín-ín-rín tó máa ń fi etí táì rẹ̀ nu dígí ojú rẹ̀. Ó gba ìwé ẹ̀rí mi, ó yí i sókè, ó yí i sísàlẹ̀, ó dá a padà fún mi.

"Faransé ni. Mi ò lè ka èyí." Ó tọ́ka sí àga. "Jókòó síbẹ̀. Kọ ètò kọ̀ǹpútà kan fún mi tó máa to orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ lẹ́tà."

Mo jókòó, mo kọ ọ́. Ó kà á látòkè délẹ̀.

"Èyí ni mo lè kà," ló wí. Báyìí ni mo ṣe ríṣẹ́.

Iṣẹ́ tó gbé lé mi lọ́wọ́ jẹ mọ́ ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin ni, tó ga ju ènìyàn lọ, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì wúwo bíi ti báǹkì. Tí wọ́n bá ti rọ omi sínú ìgò dírípù tí wọ́n sì ti dì í pa, inú ìkòkò yìí ni wọ́n ń kó o sí, tí wọ́n á fi ooru líle sè é títí gbogbo kòkòrò tójú kò lè rí á fi kú. Bí ooru kò bá lágbára tó, tàbí tí kò bá pẹ́ tó, omi tó yẹ kó wo ènìyàn sàn lè pa á. Bàbá Lásísì ló ń darí ìkòkò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ilà rẹ̀ jinlẹ̀, ohùn rẹ̀ kò ga rárá. Aago ooru tó wà lára ìkòkò ló ń wò, tó sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ohun tó rí sára pátákó. Àwọn aláṣẹ iléeṣẹ́ wá ní kọ̀ǹpútà ni kó máa ṣe àkọsílẹ̀ ooru láti ìgbà náà lọ, kí Bàbá yé fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́.

Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà ṣe é. Ó lè kọ nọ́ńbà ooru bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń rò ó, ní kúkúrú, ní dídìpọ̀, tí ojú ènìyàn kò fi ní rí nǹkan kan níbẹ̀ àyàfi tí ètò mìíràn bá tú u. Ìyẹn ni à ń pè ní báyínárì. Ó sì lè fi lẹ́tà àti nọ́ńbà kọ ọ́ ní gbangba, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn, bí ènìyàn ṣe ń kọ̀wé.

"Báyínárì," ni Ọ̀gá Ṣódìmú wí, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti tán.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi lẹ́tà kọ ọ́, kí ojú lè kà á."

"Ojú ta ni?"

"Ojú ẹnikẹ́ni, sà."

"Ẹnikẹ́ni kọ́ ló ń bá wa ra dísìkì." Ó mú ọ̀kan lórí tábìlì, ó gbé e sókè. "Òkè òkun ni èyí ti ń wá, náírà sì ń yọ́ bí òrí inú oòrùn. Tí a bá fi báyínárì kọ ọ́, iṣẹ́ oṣù kan á wọ inú ẹyọ kan. Tí a bá fi lẹ́tà kọ ọ́, á kún kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹ̀rọ wa kò sì yára. Tó bá ń jókòó yí nọ́ńbà sí lẹ́tà, ìgbà wo ló máa wo ìkòkò? Òmíràn tún wà. Àkọsílẹ̀ tí ojú ẹnikẹ́ni lè kà, ọwọ́ ẹnikẹ́ni lè yí i padà."

Kò sí irọ́ nínú gbogbo ohun tó sọ. Èmi náà sọ tèmi. Ní iléeṣẹ́ ìjọba tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Kútọnu, àwọn òyìnbó kan wá gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ fún wa, wọ́n fi kó iye oko àti iye àgbẹ̀ gbogbo agbègbè jọ ní báyínárì. Nígbà tí wọ́n ń padà sílùú wọn, ètò tó ń tú u bá wọn lọ. Nọ́ńbà wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé, kò sẹ́ni tó lè mú un sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ọdún mélòó kan ló di nǹkan tí a ń nu eruku rẹ̀.

Ọ̀gá fetí sí mi dé òpin. "Ohun tí ìyẹn kọ́ wa ni pé kéèyàn tọ́jú ètò tó ń tú u," ló dáhùn. "Kọ ọ́. Kí o sì tọ́jú rẹ̀."

Mo kọ méjèèjì, èyí tó ń ṣe àkọsílẹ̀ àti èyí tó ń tú u. Ó dára. Mo lè sọ bẹ́ẹ̀ láìtijú. Kò gba àyè, ó yára, Ọ̀gá sì fi ọwọ́ gbá mi léjìká lẹ́ẹ̀kan, ohun tí kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ Àǹtí Mùínátù bá dákẹ́, ilé máa ń dákẹ́ jù fún mi. Yàrá tó dojú kọ yàrá nilé wa, gbogbo ènìyàn ló sì ní ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ lójúde. Wọn kò lé mi. Tí mo bá jáde, wọ́n á fún mi ní àpótí jókòó. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti lanu, ọ̀rọ̀ á di ti ohùn mi. Wọ́n á ní kí n tún un sọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Mo ń pe ilé ìwé ní lekóòlù láìmọ̀, ìyẹn sì ti tó wọn láti fi ṣeré di ìrọ̀lẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọ̀rọ̀ mi kúrú. Ẹni tó bá gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú fún ìgbà pípẹ́, àwọn ènìyàn á ní onísùúrù ni.

Láti bá ilé sọ̀rọ̀, mo ní láti ránṣẹ́ ṣíwájú nípasẹ̀ àwọn awakọ̀ pé kí ìyá mi lọ dúró ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Kétu ní ọjọ́ báyìí. Èmi náà á lọ jókòó ní ilé tẹlifóònù ní Ìkẹjà títí wọ́n á fi pè mí sínú àpótí onígíláàsì. Ọkùnrin tó ń so ìlà pọ̀ sọ fún mi pé ohùn mi máa ń kọ́kọ́ dé Yúróòpù kó tó yí padà sí Kétu. Ìlú tí mo lè wọkọ̀ lọ láàárọ̀ kí n sì jẹun ọ̀sán níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìyá mi kò jẹ́ kí n kí i tán.

"Bàbá rẹ wà ní ọsibítù. Má pariwo. Ara rẹ̀ ti ń yá."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Ìgbẹ́ gbuuru ni, ó gbẹ gbogbo omi ara rẹ̀. Omi ni wọ́n ń fà sí i lára láti àná. Kò sí ní ọsibítù, àwa la ra tiwa lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ọjà gba ẹnu ibodè Ìlárá wọlé. Omi Nàìjíríà ni."

Mo bi í bí ìgò náà ṣe rí. Ó ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní kó ṣáà sọ fún mi. Ó ní ó ní àwòrán ewé kan lára, ewé méjì tó fara kọ́ra.

Àmì iléeṣẹ́ wa ni. Mi ò sọ fún un. Mo ní kó bá mi kí Bàbá, ìlà sì já kó tó dáhùn. Bàbá mi gbádùn, ó padà sóko rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tí mo bá jókòó síwájú ẹ̀rọ tí mo ń wo nọ́ńbà ooru tó ń gòkè, mi ò lè wò ó bíi nọ́ńbà lásán mọ́.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí ìlú gbóná. Òṣìṣẹ́ ń daṣẹ́ sílẹ̀, epo wọ́n, ṣọ́jà dúró ní ìkóríta. Àwọn ọsibítù kò rí ọjà gbà láti ibòmíràn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rán ọkọ̀ wá dúró ní ẹnu ọ̀nà wa. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìkòkò kún fún omi ṣúgà, ooru ti ń gòkè, iná bá lọ. Dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ kò tó nǹkan, ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i tan. Bátìrì tó yẹ kó gbé kọ̀ǹpútà dúró ti kú tipẹ́, kò sì sí owó òkèèrè tí wọ́n máa fi ra òmíràn.

Nígbà tí iná dé, Bàbá Lásísì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ bí òfin ṣe wí, ó sè é tán, ó pe Sístà Àbẹ̀kẹ́ pé kó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Sístà Àbẹ̀kẹ́ ló ń buwọ́ lùwé kí ìgò kankan tó jáde lọ́gbà. Obìnrin ìjọ aláṣọ funfun ni, ó sì máa ń sọ pé òun kì í bọ́ funfun: kóòtù funfun níbi iṣẹ́, sùtánà lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó wá sí yàrá kọ̀ǹpútà, ó ní kí n fi àkọsílẹ̀ ìkòkò han òun.

Ètò tó ń tú u kọ̀ jálẹ̀. Ó ní fáìlì náà kò pé.

Ọ̀gá Ṣódìmú fa àga mọ́ tèmi. A ṣí fáìlì náà bó ṣe rí gan-an, nọ́ńbà lórí nọ́ńbà, a ń fi bírò ṣírò rẹ̀ sórí pépà, èmi ń kà, òun ń kọ. Àsìkò yẹn ni ohun tó ṣẹlẹ̀ yé wa. Kí iṣẹ́ lè yára, ètò náà máa ń kó nọ́ńbà jọ sínú ẹ̀rọ kó tó tò wọ́n sórí dísìkì ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀, ìgbà tó bá sì ń pa fáìlì dé ló ń kọ iye wọn sí orí rẹ̀. Iná lọ kó tó to ìdìpọ̀ ìkẹyìn, kó sì tó kọ iye wọn. Nígbà tí iná dé, ó bá fáìlì tó fọ́ nílẹ̀, ó kọ ìlà Gẹ̀ẹ́sì kan sójú ẹ̀rọ, ó sì dúró. Ìkòkò jìnnà sí yàrá wa. Kò sẹ́ni tó rí i. A rí ooru títí dé ìgbà díẹ̀ kí iná tó lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, òfo.

Máníjà iléeṣẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Akínsànyà, ti wọlé. Bàbá Lásísì náà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá, ṣé ẹ sè é tán?" ni Máníjà bi í.

"Èmi fúnra mi ni mo sè é. Mo sè é tán."

"Ó parí. Sístà, ẹ buwọ́ lù ú. Ọkọ̀ ọsibítù mẹ́ta ló wà níta."

Sístà Àbẹ̀kẹ́ kò mú bírò. "Bàbá, mo gbà yín gbọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni wọ́n máa fà á sí lára."

"Ó dáa, ẹ tún un sè!"

"Á pọ́n, sà. Omi ṣúgà ni. Tí ooru bá tún kàn án, kò ṣe é lò mọ́."

"Àyẹ̀wò ńkọ́?"

"Kòkòrò kì í yára hù. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni. Kì í sì í ṣe gbogbo ìgò la lè ṣí wò."

Máníjà na ọwọ́ sí ojú fèrèsé. "Ẹ wo àwọn yẹn. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹlòmíràn lè kú lónìí torí pé kò rí dírípù?"

"Mo mọ̀, sà," ni Sístà Àbẹ̀kẹ́ dáhùn. Ṣùgbọ́n kò mú bírò.

Gbogbo wọn wò mí, bí ẹni pé mo lè rí nǹkan kan nínú òfo náà tí wọn kò rí. Mo ro ti bàbá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Mi ò mọ ẹ̀gbẹ́ tí mo fẹ́ kó wà: ẹni tó ń dúró de omi, àbí ẹni tí wọ́n ń fa omi tí kò dájú sí lára. Mo ní, "Kò sí nǹkan kan níbí, sà." Òtítọ́ ni.

Wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù. Àwọn ọkọ̀ ọsibítù yí padà lófìfo. Wọ́n sì ní kí Bàbá Lásísì lọ dúró nílé ná.

Mo lọ kí i ní Agége ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Ó jókòó sójúde lórí ẹní, ó ní kí wọ́n fún mi lómi. A kí ara wa títí. Ìgbà tó yá ló tó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

"Kì í ṣe omi tí wọ́n dà nù ló dùn mí. Omi á tún wà. Ohun tó dùn mí ni pé mo dúró níwájú yín bí ẹni tí kò lẹ́nu. Ẹ̀rọ yín ò sọ pé mo parọ́. Kò sì sọ pé mi ò parọ́."

Mo bi í pé kí ló rò pé ó yẹ kí ẹ̀rọ náà máa ṣe.

"Kó máa sọ ohun tó ń rí fún mi nígbà tó ń rí i. Lọ́dọ̀ mi, lẹ́bàá ìkòkò, kì í ṣe nínú yàrá tútù yín yẹn. Ní èdè tí mo gbọ́. Mo kọ́ ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà, mo lè ka Yorùbá."

Nígbà tí mo sọ fún Ọ̀gá Ṣódìmú, ó bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó fi táì nù ún fún ìgbà pípẹ́.

"Báyínárì kò ní lọ," ló wí. "Ooru gbogbo ìṣẹ́jú àáyá, báyínárì ni kó wà, torí kò sí àyè. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ṣe pàtàkì, ìgbà tí ìkòkò bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ooru tó, ìgbà tí ó yẹ̀, ìgbà tó parí, fi lẹ́tà kọ ìyẹn. Má kó o jọ sínú ẹ̀rọ. Bó bá ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni kó máa wọ dísìkì. A ní pírítà kan tí kò ríṣẹ́ ṣe, kó máa tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́bàá ìkòkò." Ó gbé dígí rẹ̀ padà sójú. "Yorùbá lo sì wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Yorùbá ta ni?"

"Ti ẹni tó máa kà á, sà."

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Mi ò kọ Yorùbá rí láyé mi. Lekóòlù wa, Faransé ni. Etí ni mo fi mọ èdè ìyá mi, ojú mi kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ náà kò sì lè tẹ àmì sórí lẹ́tà tàbí sábẹ́ rẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ á jáde ní ìhòòhò. Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dán an wò, pírítà ké gbìrì-gbìrì, ó tẹ ìlà kan jáde: ORU TI TO. Àwọn òṣìṣẹ́ pé lé e lórí.

"Òru ti tó? Ẹ jẹ́ ká lọ sùn, ẹ̀rọ ti ní ká lọ sùn!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Sístà Àbẹ̀kẹ́ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní "o" méjì ló wà níwájú ooru. Láti ìgbà náà ló ń kọ́ mi ní wákàtí oúnjẹ, ó ń pe ọ̀rọ̀, mò ń kọ. Obìnrin àgbàlagbà ni mí, mò ń kọ́ a, b, d. Mi ò rántí ohun kan tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ ní ọdún yẹn.

Wọ́n pe Bàbá Lásísì padà. Ìlà ń jáde lẹ́bàá rẹ̀, ó ń fi ìka tọ̀ wọ́n, ó ń kà wọ́n jẹ́ẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá sọ nípa àyè náà sì ṣẹ. Ní ọjọ́ Ajé kan, a bá ẹ̀rọ tó ti dúró, lẹ́tà ti kún inú rẹ̀ bámú. Ọ̀gá kàn fi dísìkì òfìfo kan sórí tábìlì mi, ó ń lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ní gbogbo Sátidé láti kó ti àtijọ́ kúrò.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ ń lọ sókè òkun nígbà náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí omi tó ń jò. Ó wá kan Ọ̀gá Ṣódìmú. Ó rí iṣẹ́ ní Kánádà. Ọjọ́ tó kó kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà fún mi, ó jókòó, kò yára dìde.

"Báwo ló ṣe máa ń rí," ló bi mí, "kéèyàn dé ibi tí wọn kò mọ̀ ọ́n?"

Mo rò ó. "Wọ́n máa ní ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Lẹ́yìn tó lọ, iná tún lọ ní ọ̀sán kan, ìkòkò sì kún fún omi ṣúgà. Nígbà tí iná padà, Bàbá Lásísì tún un bẹ̀rẹ̀. Máníjà ti wà níbẹ̀ kí ó tó parí, nítorí ọjà wọ́n bíi ti tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ sì wà níta. Èmi àti Sístà Àbẹ̀kẹ́ náà sáré dé. Pírítà tẹ ìlà ìkẹyìn. Sístà na ọwọ́ sí pépà náà, ṣùgbọ́n Bàbá ti fà á ya. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè, ètè rẹ̀ ń mì.

"Sístà," ló wí, "ẹ má wulẹ̀ mú bírò. Ooru yẹ̀ láàárín, kò pẹ́ tó. Ẹ jẹ́ ká dà á nù."

"Bàbá, ṣé ó dá yín lójú?" ni Máníjà bi í.

"Mo ti kà á, sà. Ẹ̀yin náà, ẹ kà á."

Máníjà gbà á, ó kà á. Ó dá a padà fún Bàbá, kì í ṣe fún mi, kì í ṣe fún Sístà, ó sì jáde lọ bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Bàbá Lásísì ń ṣí ilẹ̀kùn ìkòkò. Ó ní kí n bá òun di pépà náà mú. Ó tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ọmọ Kétu, nǹkan kan wà níbí tí mo ti ń fẹ́ sọ fún ọ tipẹ́. Tí iná bá padà, ohun tí o ní kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ tẹ̀ ni INA LO. A kì í sọ bẹ́ẹ̀ níbí. Wọ́n ti mú iná lọ, là ń sọ. Iná kì í dédé lọ l'Ékòó. Ẹnìkan ló ń mú un."

"Nílé wa, Bàbá, iná máa ń lọ fúnra rẹ̀ ni. Ṣé kí n yí i padà?"

Ó rò ó, ọwọ́ rẹ̀ lórí irin tó ṣì gbóná náà.

"Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Gbogbo wa ti ń sọ ọ́ báyẹn."